Ògiri Tí Mo Kọ̀ Láti Rẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì lè ru ìkòkò omi láìfi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, bàbá mi kọ́ ilé kan fún ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé wa ní ìlú wa Kambolé, yàrá kan fún iṣẹ́, yàrá kan fún ìkẹ́rùsí. Ilé náà kò sí mọ́. Òjò ló wó o, èmi ni mo sì jẹ́ kí òjò wó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lójú ọ̀nà lọ́dún yìí, tí ẹ ń rí mi lórí àpótí nínú oòrùn tí mò ń pariwo mọ́ àwọn mọlémọlé, tí ẹ ń bi ara yín pé kí ni arúgbó yìí tún fẹ́ fi ilé iṣẹ́ ṣe, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má retí ìtàn ìdáríjì lẹ́nu mi o. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ lọ bá wọn.

Òrí ni ìyá mi ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń ra òrí nínú ike, ẹ kò mọ̀ pé ilé gbígbẹ ló ń ṣe òrí ju ọwọ́ lọ. Ìgbà òjò ni èso emi máa ń já bọ́ nínú igbó, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a sì máa ń ráyè fi kóró rẹ̀ ṣe òrí. Láàárín àkókò méjèèjì, ẹni tí kò bá ní ibi gbígbẹ tí yóò kó kóró rẹ̀ sí, lásán ló fi orí rẹ̀ ru agbọ̀n kiri inú oko. Omi díẹ̀ tó bá kàn án, ó bu nìyẹn, òrí rẹ̀ á sì korò. Kò sí ẹni tí yóò rà á ní ọjà Tchamba, ká má tiẹ̀ wá sọ ti Sokodé tó jẹ́ ìlú ńlá, níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń gbóòórùn òrí kí wọ́n tó kí ẹni tó gbé e wá. Kí bàbá mi tó kọ́lé, abẹ́ ibùsùn la ń kó kóró emi sí, àwa àti eku la sì jọ ń sùn tì í.

Lẹ́yìn tí wọ́n wa iṣu tán lọ́dún kan, bàbá mi pe àáró. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wá, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n da omi sí erùpẹ̀ pupa, wọ́n gé koríko gbígbẹ lé e lórí, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fà. Wọn kì í kánjú mọlé amọ̀. Tí wọ́n bá mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí oòrùn lù ú dáadáa kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, torí ilé tí a bá kánjú mọ, ó máa ń jókòó sílẹ̀ ni. Àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tó tẹ amọ̀ náà. Ẹ fi ọkùnrin yìí sọ́kàn, torí òun ni mo ń bá wí. Ó tẹ amọ̀ níwọ̀nba, ó sì jẹ iyán ìyá mi láìníwọ̀n. Wọ́n to igi sí yàrá ìkẹ́rùsí bíi pẹpẹ kí òtútù ilẹ̀ má baà dé ara kóró, wọ́n dá ihò èéfín sí yàrá iṣẹ́, wọ́n sì fi koríko bẹẹrẹ bo òrùlé.

Ìgbà náà ló wá ku iṣẹ́ obìnrin. Ọkùnrin ló ń mọ ògiri, ṣùgbọ́n obìnrin ló ń rẹ́ ẹ. Wọ́n á se èèpo èso igi igbá, igi tí a fi ń ṣe irú, títí omi rẹ̀ á fi pọ́n tí á sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n á fi omi yẹn po amọ̀ kíkúnná, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ sára ògiri, wọ́n á sì fi òkúta dán an títí á fi máa kọ mọ̀nà. Òjò kò lè jẹ ògiri bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọdún kan péré ni agbára rẹ̀, lọ́dọọdún kí òjò tó dé, a gbọ́dọ̀ tún un rẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín rèé, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nílẹ̀ wa nígbà náà, obìnrin tó bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ògiri tuntun ló ni rírẹ́ ògiri náà títí ayé. Lọ́dọọdún, òun ni yóò fi ọwọ́ kọ́kọ́ bu amọ̀ kí àwọn yòókù tó bá a dá sí i. Kò sí obìnrin kan tí yóò ṣáájú rẹ̀, ì báà jẹ́ ìyáálé rẹ̀. Tó bá kú, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni yóò jogún ẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ilé yẹn. Bí ó ṣe nawọ́ sí ògiri, bàbá mi pín obì fún gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ilé ìyàwó mi nìyí o. Ẹni tó bá ní nǹkan sọ, kó sọ ọ́ báyìí tí obì ṣì wà lẹ́nu wa." Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ń rún obì lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín pé kò sí ẹni tó ní nǹkan sọ.

Ayé dùn wá fún ọdún mélòó kan. Òrí ìyá mi funfun, ó ń dán, kì í rùn. Àwọn oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Sokodé máa ń ránṣẹ́ wá bá a pé òrí tirẹ̀ nìkan làwọn fẹ́. Nígbà tí mo ń di ọmọge ni bàbá mi ṣàìsàn, ó sì lọ bá Ọlọ́run rẹ̀. Kí Ọlọ́run fi ojú rere wò ó.

A ṣe sàráà ogójì ọjọ́ tán, àfi bí àbúrò rẹ̀ ṣe lọ sí Sokodé tó ra ẹ̀rọ ìlọ̀gì, èyí tí a ń pè ní moulin. Kò ní ilé tí yóò gbé e sí. Ọjọ́ ọjà Tchamba ló mú, torí ó mọ̀ pé ìyá mi kò sí nílé. Ó dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti àwọn alábàárù, ó ṣílẹ̀kùn ilé ìyá mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da kóró emi odidi ọdún kan sí àárín agbo ilé. Ojú ọ̀run ti ṣú dùdù. Mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òjò ń bọ̀."

"Kí òjò máa bọ̀," ó wí. "Ta ló ní kí ìyá rẹ kó ẹrù sínú ilé àwọn bàbá mi?"

Òjò dé lóòótọ́. Mo fi ẹní bò ó, mo fi aṣọ ìyá mi bò ó, mo bọ́ ìró ara mi mo fi bò ó. Mo ń fi agbọ̀n kó o sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi sì ń wọ́ èyí tó kù lọ sínú gọ́tà. Nínú ilé, wọ́n ti ń de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Nígbà tí ìyá mi dé láti ọjà, kò pariwo. Ó bu kóró díẹ̀ sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìjókòó yẹn wà lójú mi títí di òní olónìí.

Àwọn àgbà pe ìpàdé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tiwa wà níbẹ̀, orí ọmọ sì wọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n wúkọ́, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní kí ìyá mi ṣe sùúrù. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn dé ìsàlẹ̀ ikùn mi. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún. N kò tíì gbọ́ ọ rí kí wọ́n sọ fún olè pé kó ṣe sùúrù.

A kó lọ sí Sokodé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní àdúgbò Kouloundè. Ìyá mi tó ń ṣe òrí tí wọ́n ń dù di ẹni tó ń fi abọ́ wọn òrí àwọn ẹlòmíràn tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú inú bí mi jù. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, ìyá mi yóò wọ mọ́tò padà sí Kambolé, yóò lọ rẹ́ ilé tí wọ́n fi jà á lólè! Bí mo bá bínú, á ní ògiri kò ṣẹ òun, ọwọ́ ọkọ òun wà nínú amọ̀ yẹn. Àwọn obìnrin yóò tẹ̀lé e, wọ́n á rẹ́ ilé náà á máa dán, ọkùnrin yẹn yóò sì jókòó lẹ́bàá ẹ̀rọ rẹ̀, kò ní fi ìyẹ̀fun àgbàdo ẹ̀kún igbá kan dá a lọ́lá. Oore ìyá mi ló gbé ilé yẹn dúró, ẹni tí kò yẹ ló sì ń jẹ ẹ́.

Ìyá mi ṣàìsàn, kò sì dìde mọ́. Nígbà tó mọ̀ pé òun ń lọ, ó di ọwọ́ èmi àkọ́bí rẹ̀ obìnrin mú, ó ní, "Tí àbúrò bàbá rẹ bá pè ọ́ láti wá rẹ́ ilé, lọ. Má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìjà. Fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Mo bu omi sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò ṣèlérí. Ìyá mi dárí jì í, ìyẹn ti ìyá mi. Ẹni tó bá lè kó òjò padà sójú ọ̀run ni kó wá bá èmi sọ̀rọ̀ ìdáríjì.

Ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí òjò dé, àbúrò bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú kiri. Ó bẹ obìnrin kan, onítọ̀hún ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó bẹ òmíràn, èyí ní ọmọ òun kò jẹ́ kí òun ráyè. Wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, wọ́n sì ń kọjá lọ. Ìyá àgbà kan ní agbo ilé kejì ló là á mọ́lẹ̀ fún un. "Ọwọ́ tó ni ògiri yìí wà ní Sokodé. Lọ bẹ̀ ẹ́." Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ kékeré yẹn?" Ó gba àwọn lébìrà, wọ́n fi amọ̀ lásán rẹ́ ẹ, òjò àkọ́kọ́ sì fọ̀ ọ́ kúrò. Ó tún lọ ra sìmẹ́ńtì ní Tchamba, ó fi rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì kì í dì mọ́ ògiri amọ̀, ṣe ló ń ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo iṣu sísè. Ẹ̀rọ tó gbé síbẹ̀ kò tún jẹ́ kí ilé sinmi. Bí ó bá ti ń lọ̀ ọ́, ògiri ń gbọ̀n, ó sì ń sán. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn fún mi ní Kouloundè, mo sì ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ orin.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì ló tó wá fúnra rẹ̀. Ó gbé adìyẹ kan dání, ó fi ewé di obì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó, àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ èdè Tem wà níbẹ̀, àti Haúsá kan tó ń ta àlùbọ́sà fún wa. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bu omi fún un, torí ìyá mi kọ́ mi. Ó mu omi tán, ó nu irùngbọ̀n.

"Ọmọ mi, òjò ń bọ̀," ó wí.

"Kí òjò máa bọ̀, Bàbá."

Ó wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó rántí. Ó ní àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ó ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ó ní àgbàdo òun àti ti àwọn oníbàárà ló wà nínú ilé yẹn. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo wá ní, "Bàbá, n kò fẹ́ adìyẹ yín, n kò fẹ́ kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín kúrò. Ẹ kàn sọ fún àwọn tó jókòó níbí pé ilé ta ni. Tí ẹ bá ti sọ ọ́, a jọ ń lọ sí Kambolé lónìí yìí, ẹ̀yin náà ẹ̀ẹ́ sì rí i bí ògiri ṣe ń dán."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, mo rí i. Àní Haúsá tí kò gbọ́ èdè wa gbé àlùbọ́sà rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo wọ́n yíká, ó pa ẹnu dé.

"Ilé ẹbí ni," ó wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá. Kí ẹbí lọ rẹ́ ẹ."

Ó dìde, ó gbé adìyẹ rẹ̀ padà. Obì nìkan ló gbàgbé, mo sì jẹ ẹ́.

Nígbà tí òjò ńlá bẹ̀rẹ̀, n kò lè jókòó sí Sokodé mọ́. Mo wọ mọ́tò dé Tchamba, mo gun alùpùpù láti ibẹ̀ dé Kambolé, mo ní mo wá kí ìyá àgbà agbo ilé kejì. Irọ́ ni, ìran ni mo wá wò. Ọ̀sán ni ó ṣẹlẹ̀. Ògiri yàrá ìkẹ́rùsí ló kọ́kọ́ yẹ̀, ó rọra dùbúlẹ̀ síta, àgbàdo sì tú sínú omi. Lẹ́yìn náà ni òrùlé jókòó lé ẹ̀rọ lórí. Ọkùnrin náà ń sáré kiri, ó ń kígbe pe ènìyàn, ó ń fi aṣọ ara rẹ̀ bo àpò. Èmi dúró sábẹ́ igi emi, òjò ń pa mí, n kò mira. Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin, mo sì rẹ́rìn-ín kó lè rí eyín mi. Àwọn kan ní ẹ̀san kì í dùn. Wọn kò jẹ ẹ́ rí ni. Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, ọjọ́ náà sì ni mo rí ibi tí wọ́n pa tirẹ̀ mọ́ sí.

Nígbà tí òjò dá, mo kọjá lẹ́bàá àlàpà náà. Lára ògiri kan tó ṣubú, níbi tí sìmẹ́ńtì ti ṣí, mo rí ipa ìka ìyá mi lára amọ̀ àtijọ́, bí ó ṣe máa ń fà á yípo. Omi ń jẹ ẹ́ lọ lójú mi. Mo sunkún níbẹ̀, n kò ní pa á mọ́ fún yín. Ìyẹn náà, ọrùn ọkùnrin yẹn ni mo kà á sí.

Ó dàgbà, ó di arúgbó, kò sọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jẹ ìrẹsì sàráà rẹ̀, ó sì dùn. Mo wá tọrọ ibi tí ilé náà wà lọ́wọ́ ẹbí. Kò sí ẹni tó bá mi dù ú, torí láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan kan síbẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ń ṣe òrí, ọkọ rẹ̀ ti kú, òun ni mò ń kọ́ ọ fún. Búlọ́ọ̀kù la fi mọ ọ́, páànù la fi bò ó, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ ti irin.

Kò sí àáró mọ́. Àwọn mọlémọlé wọ̀nyí wá láti Sokodé, wọ́n mọ ilé tán, wọ́n gun alùpùpù wọn lọ, wọn kò tiẹ̀ bèèrè orúkọ ẹni tí yóò gbé ibẹ̀. Ilé sìmẹ́ńtì dára, n kò purọ́. Òjò kò lè ṣe é ní nǹkan, kò sí obìnrin tí a ní láti bẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n mo máa ń wò ó pé, tí olè bá gba irú ilé yìí lọ́wọ́ opó, yóò sùn nínú rẹ̀ títí yóò fi kú, ògiri kò ní bi í léèrè nǹkan kan. Láyé ìgbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ jókòó sínú ilé gbígbẹ gbọ́dọ̀ wà ní rere pẹ̀lú ẹnì kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù tán ni àwọn ọmọ ọkùnrin yẹn méjì wọlé wá. Àwọn náà ti hu ewú. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní, "Maman, pardon, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá kọ̀rọ̀ kan tí a ó kó àgbàdo wa sí. Tiwa ń jò." Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi dúró de irú ọjọ́ yìí. Mo di kọ́kọ́rọ́ mú, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé ilé ta ló wà níbí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì ń tẹ fóònù rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ilé ìyá yín ni, Maman. Ta ni kò mọ̀?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá wa ni. Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ ọ́ fún wa nílé, pé ilé ìyá yín ni òun gbà."

Ó ti ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí, nínú yàrá rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Àgbàdo rẹ̀ bá omi lọ, ẹ̀rọ rẹ̀ fọ́, ìka ìyá mi parẹ́ lára ògiri, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ nílé lójoojúmọ́ tí kò lè sọ lẹ́ẹ̀kan péré lójú èèyàn. Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n kó àpò wọn wọlé, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, inú ń bí mi ju ti ọjọ́ tí kóró emi wà nínú òjò lọ, kò sì sí ẹni tí mo lè bínú sí mọ́.